Bébà Orúkọ Ọmọ Mi àti Kíbọ́ọ̀dù Tó Kọ̀ Tí Kò Ṣí

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, ẹ̀yin ará Òkè-Ọ̀pọ̀n. Ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́, kó jẹ ẹ́ tán. Ẹni tí ikọ́ ń hún lọ́fun, kó hú u báyìí, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ lọ́sàn-án òní, n kò ní agbára láti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Òjò yìí kò ní dá kí n tó parí rẹ̀, torí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òun ń lọ kó aṣọ. Ìbíyẹmí, ọmọ ọmọ mi, ìwọ wá jókòó síbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Tìrẹ ni ìtàn yìí ju ti gbogbo wọn lọ.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Ọdẹ́rìndé, Olúọ́dẹ ìlú yìí, ẹni tó wọ igbó tí àwọn ọdẹ mìíràn ń fi ẹnu lásán pe orúkọ rẹ̀. Mo ti bá iwin jẹun nínú àwo kan ṣoṣo, èmi ni mo sì jẹ gbogbo ẹran inú àwo náà níṣojú rẹ̀. Mo ti fi ohùn mi nìkan lé erin kúrò lójú ọ̀nà. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, àwọn tó lè já mi ti kú tán. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yín kò dùn mí. Ẹ sáà rẹ́rìn-ín náà tán nísinsìnyí, torí kò sí ẹ̀rín púpọ̀ níwájú.

Gbogbo yín lẹ mọ Ọdẹ́wùmí ọmọ mi, tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ yín ní ilé-ìwé tó wà lẹ́yìn ọjà, ìyá Ìbíyẹmí yìí. Òun nìkan ni mo bí. Ẹ sì mọ kọ̀ǹpútà alágbèéká dúdú tó máa ń gbé sábẹ́ apá kiri. Àlòkù ló rà á nígbà tó wà ní yunifásítì, ó gbó mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni ra òmíràn fún òun. Ó kọ orúkọ sí bébà alẹ̀mọ́ kékeré kan bí àwọn tíṣà ti ń ṣe sí ẹrù wọn, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ kọ̀ǹpútà náà kí wọ́n má baà jí i gbé: Ọdẹ́wùmí ọmọ Ọdẹ́rìndé. Òun ló kọ́ mi bí mo ṣe lè ka orúkọ méjèèjì, a fi odindi ọ̀sẹ̀ kan ṣe é, torí orí mi le sí ìwé.

Lọ́dún tó kọjá, àìsàn gbé e dè. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, inú igbó ni mo wà, mo ń tọ ipasẹ̀ ẹfọ̀n kan. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ kìíní, mo ní mo ń bọ̀. Wọ́n ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, mo ní kí ẹfọ̀n yìí ṣubú ná. Ó ṣubú lọ́jọ́ kẹta. Ìwo rẹ̀ wà léjìká mi nígbà tí mo wọlé, mo ń kọrin, mo sì bá àwọn àgbà níta ilé mi, wọ́n gbé ojú sílẹ̀. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀.

Wọ́n ti sin ín. Ẹ mọ àṣà wa, wọn kì í jẹ́ kí òbí mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí. Ẹnikẹ́ni kò fi ibẹ̀ hàn mí, n kò sì béèrè. Kọ̀ǹpútà náà ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́. Mo dojú rẹ̀ dé, mo rí orúkọ ọmọ mi àti tèmi nínú ọ̀nà-ìkọ̀wé rẹ̀, mo sì gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé e. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fi bébà yẹn ṣe sàréè tí wọn kò fi hàn mí. Àárọ̀ tí ilẹ̀ bá mọ́, màá gbé ọwọ́ lé e, màá kí ọmọ mi.

Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ ló sọ fún wa pé lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, Ọdẹ́wùmí gbé kọ̀ǹpútà náà sórí itan lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì ṣe fídíò ara rẹ̀, ó ní bàbá òun ni kí wọ́n fún. Mo gbé e lọ bá Kásúnmú, ọmọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ ṣe lẹ́nu ọ̀nà gáréèjì. Ó tàn án. Ojú ọmọ mi yọ, ó rù, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, “Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́,” ẹ̀rọ sì dúró síbẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Kásúnmú pa á, ó tún un tàn. “Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́,” ó tún dúró. Ìgbà mẹ́sàn-án la ṣe é, ibi kan náà ló ń kú sí.

Ẹ jọ̀ọ́ kí ni? Ohun tí mo ń bi ara mi nìyẹn, tí n kò fi lè jẹun. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ kò wá? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹfọ̀n jù mí lọ ni? Mo ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀ náà, síbẹ̀ mo fẹ́ gbọ́ ọ ju bí mo ṣe fẹ́ ẹ̀mí lọ.

Kásúnmú ṣàlàyé pé mẹ́mọ́rì, ìyẹn ìrántí ẹ̀rọ náà, ló kéré, pé fídíò yìí wúwo jù fún un. Ó ní a ó fi èyí tó tóbi pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n abẹ́ kíbọ́ọ̀dù ló wà, ìyẹn pátákó tí ọmọ mi máa ń tẹ̀, kíbọ́ọ̀dù náà ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúrò. Mo ní kó ṣe é, ṣùgbọ́n kí ó má fi ọwọ́ kan bébà orúkọ, mo sì gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé e bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ó tú gbogbo síkúrù tó rí. Ó fi irin pẹlẹbẹ há etí kíbọ́ọ̀dù. Òkè rẹ̀ mì díẹ̀, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ kò mira. Ó làágùn, ó bínú, ó ní òun kò tíì rí èyí tó lágídí tó báyìí. Ó wá ní bó tilẹ̀ ṣí, irú mẹ́mọ́rì tó ń lò ti tán lọ́jà, àfi kí n lọ wá a ní ibi tí àwọn nǹkan tí ayé ti gbàgbé ń lọ.

Ó fi ṣe àwàdà ni. Ṣùgbọ́n ta ni ẹ rò pé ó ń bá sọ̀rọ̀? Nínú gbogbo ọdẹ tó wà láyé, èmi nìkan ni mo mọ ẹnu ọ̀nà Igbó Ìgbàgbé. Mo ju kọ̀ǹpútà sínú àpò ọdẹ mi, mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo lọ.

Àwọn igi igbó náà kò rántí irú èso tí wọ́n ń so mọ́. Ọ̀pẹ ń so ọsàn, ọsàn ń so ẹ̀gúsí, ìrókò ńlá kan sì dúró síbẹ̀ tìtìjú-tìtìjú pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta lórí. Ní oríta ni mo ti bá iwin kan tó ń jẹ́ Gbàgbélé. Ó ga ju òrùlé ilé yìí lọ, ìpàkọ́ ni ojú rẹ̀ wà, tó fi jẹ́ pé ibi tó ti kúrò nìkan ló ń rí. Àwọn ènìyàn tó jókòó yí i ká lé ní igba, gbogbo wọn fọwọ́ lẹ́rán, koríko sì ti hù bo àwọn mìíràn dé orúnkún. Ẹni tó bá ń kọjá ni iwin yìí máa ń bi pé kí ló gbàgbé sílé. Ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú kàn, kò ní dìde mọ́.

Ó bi mí. Mo dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé bí mo bá mọ̀ ọ́n, a jẹ́ pé n kò gbàgbé rẹ̀; bí n kò bá sì mọ̀ ọ́n, kí ló fẹ́ kí n sọ? Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi díẹ̀. Ó tó. Iwin náà rẹ́rìn-ín títí tí ewé fi ń já bọ́. Ó wá kẹ̀yìn sí mi kí ó lè wò mí lójú, ó bi mí ní ìbéèrè kejì.

“Ta ni o kò lè gbàgbé?”

Mo fẹ́ pe orúkọ ọmọ mi, ohùn kò jáde. Èmi Ọdẹ́rìndé dúró níwájú iwin, mo ń sunkún bí ọmọ tó sọnù lọ́jà. Iwin náà ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà, mo sì kọjá.

Ìlú tí mo dé lẹ́yìn náà ni Ìlú Atẹ̀rí. Àwọn ará ibẹ̀ kò ga ju orúnkún mi lọ, orí wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì wà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìlà-ìlà ni wọ́n ń jókòó. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kì í sọ̀rọ̀ àfi bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ lórí, ohun tó wà lórí rẹ̀ nìkan ni yóò sì sọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kí mi káàbọ̀, ṣe ni wọ́n ń sáré kiri tí wọ́n ń tẹ ara wọn lórí, ó sì gbà wọ́n ní ìdajì ọjọ́. Mo dúró kí wọ́n kí mi tán, torí mo mọ̀wà hù.

Baálẹ̀ wọn gùn gbọọrọ, kò sì sí lẹ́tà lórí tirẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wà láàárín ọ̀rọ̀ kan àti èkejì kí wọ́n má baà wọnú ara wọn. Òun nìkan ló ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Mo gbé kọ̀ǹpútà jáde fún un, gbogbo ìlú sì pagbo yí i ká. Wọ́n rí àwọn lẹ́tà tí ìka ọmọ mi ti tẹ̀ títí tí ara wọn fi dán, wọ́n sì tẹrí ba fún wọn. Mo béèrè lọ́wọ́ Baálẹ̀ ohun tó ń ṣe kíbọ́ọ̀dù tí kò fi ṣí.

“Kò lágídí,” ni Baálẹ̀ wí. “Ìwọ lo dì í mú. Síkúrù tó kù wà lábẹ́ ohun tí o kò fẹ́ gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀.”

Mo ronú títí. Kí ni ọdẹ kì í gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀ bí kò ṣe ìbọn? Mo fi ìbọn mi lélẹ̀, mo fa kíbọ́ọ̀dù, kò mira. Mo bínú, mo ní òmùgọ̀ ni wọ́n, mo sì fi ìbọn náà sílẹ̀ fún wọn. Bí mo ṣe ń lọ ni Baálẹ̀ ń pariwo tẹ̀ lé mi pé bó bá wá ṣí, kí n má fà á yọ o, pé okùn pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó so ó mọ́ ara ẹ̀rọ, pé bí ènìyàn ṣe ń sọ ọmọ tó sùn kalẹ̀ lẹ́yìn ni kí n ṣe gbé e.

Mo dé ọ̀dọ̀ Ìyá Arántí, arúgbó tó ń tọ́jú àwọn nǹkan tí ayé ti gbàgbé. Ìlú rẹ̀ kò ní ilé kankan, òkìtì ni gbogbo rẹ̀: rédíò tí kò fọhùn mọ́, ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀, lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kò já, orúkọ àwọn tó ti kú tí kò sẹ́ni tó ń pè wọ́n. Àárín wọn ni arúgbó náà jókòó sí, ó so mẹ́mọ́rì oríṣiríṣi mọ́ ọrùn. Ó wo kọ̀ǹpútà mi lẹ́ẹ̀kan, ó já ọ̀kan fún mi wò, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ewé tí kò gùn ju ìka lọ, eyín wúrà tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ fi ìrántí kún ẹ̀rọ, nínú tirẹ̀ ni yóò ti yọ ọ́.

Inú mi dùn. Mo sọ fún un pé mo ní ọ̀kan tó tóbi, ọjọ́ tí mo pa ẹfọ̀n. Mo fi gbogbo rẹ̀ sínú igbá tó gbé sílẹ̀: ìró ìbọn, ìwo, orin tí mo ń kọ bọ̀ wálé. Ó gbé igbá náà sókè, ó mì í, ó sì dà á padà sí mi lára.

“Eléyìí kọ́, ọmọ mi,” ó ní. “Eléyìí, o ti ń wá ẹni tí wàá gbé e fún. Mú èyí tí yóò dùn ọ́ wá.”

Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ gba èyí lọ́wọ́ mi.” Kò gbà. Mo fún un ní ọjọ́ tí wọ́n fi mí jẹ Olúọ́dẹ, ó ní ó fúyẹ́. Mo fún un ní ọjọ́ ìgbéyàwó mi, ó ní ó kù díẹ̀. Níkẹyìn, mo fún un ní ọjọ́ odò Àgbìgbò.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Orúkọ ọjọ́ náà nìkan ló ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi, torí arúgbó náà pè é sókè bó ti ń fi ọmọrí dé igbá, tó sì ń gbé mẹ́mọ́rì náà lé mi lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé mo sunkún kí n tó yọ̀ǹda rẹ̀. Mo mọ̀ pé mo sọ fún ara mi pé ọjọ́ kan péré ni, pé ohùn ọmọ mi tó ó rà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, n kò mọ̀ ọ́n mọ́.

Nígbà tí mo ń padà bọ̀, Gbàgbélé tún bi mí pé kí ni mo gbàgbé. Lọ́tẹ̀ yìí, mo jókòó. Ẹnu mi tó mú ṣáṣá kò ràn mí lọ́wọ́, torí mo ti gbàgbé nǹkan nítòótọ́, mo sì fẹ́ rí i padà. N kò mọ iye ọjọ́ tí mo fi jókòó síbẹ̀. Koríko ti dé ọrùn ẹsẹ̀ mi kí ọwọ́ mi tó ṣèèṣì wọ inú àpò, tí àtàǹpàkò mi fi kan bébà orúkọ. Mo kí ọmọ mi bí mo ti ń kí i láràárọ̀. Mo dìde, mo fa koríko tu, mo sì wá sílé.

Kásúnmú gba mẹ́mọ́rì náà lọ́wọ́ mi, ẹnu yà á. Ó tún tú gbogbo síkúrù, ó tún fi irin há etí kíbọ́ọ̀dù, àárín rẹ̀ tún kọ̀. Ó rọra gbójú sókè wò mí, ó wá wo ọwọ́ mi.

“Bàbá,” ó ní, “ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà lábẹ́ ọwọ́ yín?”

Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ kúrò, mo fi ìka tẹ àárín bébà náà. Ihò kékeré kan wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti ń gbé ọwọ́ lé e ni mo ti ń mọ̀ ọ́n lára, mo rò pé ẹ̀rọ ló gbó ni. Síkúrù tó kù nìyẹn, lábẹ́ orúkọ ọmọ mi.

Mo sọ fún Kásúnmú pé n kò lè ṣe é. Mo sọ fún un pé ibẹ̀ ni mo sin ọmọ mi sí. Ọmọkùnrin náà kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó bọ́ síta, ó sì fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ náà. Mo fi èémí gbígbóná mi mú etí bébà náà rọ̀, mo fi èékánná ṣí i díẹ̀díẹ̀. Bébà ti gbó. Ó ya láàárín, Ọdẹ́wùmí lọ sí apá kan, Ọdẹ́rìndé lọ sí apá kejì.

Mo pe Kásúnmú wọlé. Ó tú síkúrù náà, kíbọ́ọ̀dù sì gbéra fúnra rẹ̀, kò jà rárá. Mo rántí ọ̀rọ̀ Baálẹ̀, mo ní kó rọra, a sì sọ ọ́ kalẹ̀ bí ọmọ tó sùn, okùn pẹlẹbẹ náà kò já. Lábẹ́ rẹ̀ ni mo rí lẹ́búlẹ́bú ṣọ́ọ̀kì funfun tó ti ọwọ́ ọmọ mi jò síbẹ̀ láti ilé-ìwé, àti fọ́nrán irun rẹ̀ kan. N kò jẹ́ kó nù ún. Ó ki mẹ́mọ́rì bọ àyè rẹ̀, ó pa ẹ̀rọ dé, ó tàn án.

“Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́,” ni ọmọ mi wí. Ẹ̀rọ kò dúró. “Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹfọ̀n yẹn dùn yín. Mo mọ irú ẹni tí ẹ jẹ́, èmi náà kì bá ti fi í sílẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ yín sí. Ìbíyẹmí kéré, yóò gbàgbé mi. Ẹ máa sọ ìtàn ọjọ́ odò Àgbìgbò fún un, bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́ fún mi. Kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́ bíi tiyín. Bó bá gbọ́ ọ, yóò mọ̀ mí, yóò sì mọ bí wọ́n ṣe fẹ́ràn mi tó.” Ó rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ láti pa á, ó sì tán.

Kásúnmú ń yọ̀. Ó bi mí pé ìtàn wo ni. Mo jókòó, mo wo ẹ̀rọ, mo wo bébà tó ya lórí itan mi.

Ohun tí mo fi pè yín jọ nìyí. Wọ́n ní mo máa ń sọ ìtàn yẹn. Wọ́n ní mo sọ ọ́ títí tó fi sú yín, pé bí mo bá ti la ẹnu lé odò, ẹ máa ń dìde lọ sílé. Mo bẹ̀ yín, ẹ má dìde lónìí. Ẹni tó bá rántí rẹ̀ nínú yín, kó sọ ọ́ kí ọmọ yìí gbọ́. Ìyá Ràmọ́tù, ẹ̀yin lẹ tọ́jú ìyá rẹ̀ pẹ̀lú wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ọ bó ṣe ń sọ ọ́, ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn. Ó ní ọmọ ọdún márùn-ún ni Ọdẹ́wùmí, ibà ń gbé e lọ, odò sì kún bo afárá. Ó ní bàbá rẹ̀ gbé e kọ́rùn, ó sì di ìbọn tó jogún mú lọ́wọ́ kan, ó wọ odò. Ó ní nígbà tí omi dé àyà rẹ̀, ẹ̀rù ba ọmọ náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo bàbá rẹ̀ lójú. Bàbá ju ìbọn sómi kó lè fi ọwọ́ méjì di ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ mú. Kò ṣí ọwọ́ ọmọ kúrò lójú, ó ní kó máa júwe ọ̀nà fún òun, ọmọ náà sì ń sọ pé, ọ̀tún, Bàbá mi, òsì, Bàbá mi.

Ìbíyẹmí ti di ẹsẹ̀ mi mú. Mo ń gbọ́ ìtàn náà bí ìtàn àlejò. Ìyá Ràmọ́tù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró níbẹ̀. Ṣé ọkùnrin náà gbé ọmọ rẹ̀ dé òdìkejì?

Ó ní, “Ó gbé e dé, Bàbá ọdẹ. Ẹ̀yin lẹ gbé e dé.”